Ìdíje ẹṣin àkọ́kọ́ mi ń bọ̀ lọ́nà Ìsẹ́yìn, kí ni kí n máa retí?

Morẹ́nikẹ́ Jẹ́ríkọ̀
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin tèmi. Àwọn kan fẹ́ ṣe ìdíje ẹṣin kékeré nínú oko kan lọ́nà Ìsẹ́yìn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni, mo sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ìpele tó kéré jù, èyí tí igi tí wọ́n máa fò níbẹ̀ ò ga ju orúnkún lọ. Wọ́n ní apá mẹ́ta ló ní, dressage láàárọ̀ (ẹṣin á máa rìn, á máa yí bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀, adájọ́ á máa fún un ní máàkì), lẹ́yìn ìyẹn fífo igi nínú ọgbà, lẹ́yìn ìyẹn cross-country, ìyẹn sísáré àti fífo nǹkan nínú pápá àti igbó. Abo ẹṣin ni tèmi, ọmọ ọdún 11, pápá pólò ló ti ṣiṣẹ́ látilẹ̀, ó gbọ́n, ó sì fẹ́ràn kó máa ṣe nǹkan, àmọ́ kò mọ̀ ju Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn níbí àti àyíká ẹ̀ lọ. Olùkọ́ mi ní mo ti tó lọ. Kì í ṣe gígùn ẹṣin gan-an ló ń já mi láyà, gbogbo nǹkan tó yí i ká ni, báwo ni wọ́n ṣe ń ka máàkì, kí ni kí n wọ̀, kí ni wọ́n fi ń lé èèyàn jáde, kí ni kí n gbé dání. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ.

Akọ̀wé Adájọ́
O kú ìmúra o, Morẹ́nikẹ́. Èmi ni mo máa ń jókòó ti adájọ́ dressage tí mo máa ń bá a kọ máàkì sílẹ̀, torí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Pápá kékeré ni wọ́n máa fà fún yín, mítà 20 ní fífẹ̀, mítà 40 ní gígùn, wọ́n á to lẹ́tà yí i ká. A lo máa gbà wọlé, adájọ́ á wà ní C lọ́ọ̀ọ́kán rẹ. Tó o bá dúró ní A tó o kọjú sí C, apá òsì rẹ ni K, E, H wà, apá ọ̀tún ni F, B, M. Fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sórí páálí kó o máa fẹsẹ̀ rìn ín nínú pálọ̀ yín títí tó fi máa wọ̀ ẹ́ lára, torí orí ẹṣin kọ́ lèèyàn ti ń wá lẹ́tà kiri.

Nǹkan kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní kó o ṣe ló ní máàkì tiẹ̀, láti 0 dé 10. 10 ni pé ó dára gan-an ni, 5 ni pé ó ṣe é gbà, 0 ni pé o ò ṣe é rárá. Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ dáadáa ni pé máàkì tó pọ̀ wà nílẹ̀ tí ò kan ẹwà ẹṣin. Tí wọ́n bá ní kó o yí róbótó mítà 20, kó jẹ́ róbótó lóòótọ́. Tí wọ́n bá ní trot (eré díẹ̀ tó ju ìrìn lọ) ní E, ìgbà tí ara tìẹ bá dé ọ̀gángán E ni kí trot bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó o bá ti kọjá ẹ̀. Mo ti rí ẹṣin olówó ńlá tó ń gba 5 torí pé ẹni tó gùn ún ń gé igun pápá, mo sì ti rí ẹṣin lásán tó ń gba 7 torí pé ibi tí wọ́n ní kó yà ló yà sí.

Wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún, wọ́n á wá yọ ọ́ kúrò nínú 100. Tó o bá gba 62, 38 ni wọ́n máa kọ síwájú orúkọ ẹ. 38 yẹn, gbèsè ni. Ẹni tí gbèsè ẹ̀ bá kéré jù nírọ̀lẹ́ ló gbégbá orókè. Igi tó o bá já, wọ́n á fi kún un, ibi tí ẹṣin bá ti kọ̀ tí kò fò, wọ́n á fi kún un, kò sì sí nǹkan kan tó o lè ṣe lọ́jọ́ yẹn tó máa dín in kù. Fi èyí sọ́kàn, torí òun ló yẹ kó darí bó o ṣe máa gun ẹṣin títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Kíkí adájọ́: kó ìjánu sọ́wọ́ kan, jẹ́ kí ọwọ́ kejì wá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, tẹrí ba díẹ̀, dúró kí adájọ́ dá ẹ lóhùn kó o tó máa lọ. Ó parí. Kò sí pé à ń kúnlẹ̀ o.

Bàbá Gàárì
Ọmọ mi, o ní ẹṣin pólò ni. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀ ní pápá pólò kọ́ lo máa gbé lọ síbẹ̀. Irin ẹnu tí wọ́n ń pè ní gag, wọn ò gbà á ní dressage, okùn tó so imú ẹṣin mọ́ àyà ẹ̀ kó má baà gbórí sókè, wọn ò gba ìyẹn náà. Irin lásán tó ṣẹ́ láàárín ni kó o wá, kó o sì tètè fi kọ́ ọ nílé, má jẹ́ pé àárọ̀ ìdíje ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìwé òfin wọn wà, ní kí wọ́n fún ẹ, kó o mú gbogbo ohun èlò rẹ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó o wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkejì, ẹṣin pólò, ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń darí ẹ̀, tí ìjánu bá ti kan ọrùn ẹ̀ báyìí ó ti yà. Ibi tó o ń lọ, ọwọ́ méjèèjì ni, ẹsẹ̀ rẹ ló sì máa sọ fún un pé kó tẹ̀ kọdọrọ nínú róbótó yẹn. Kì í ṣe pé ó ya olóríkunkun tó bá ń ṣe ségesège, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ lédè nìyẹn, fún un láyè kó kọ́ òmíràn. Ẹṣin tó gbọ́n á gbà á.

Kó o tó lọ, yẹ gbogbo ojú rírán awọ wò, pàápàá ọ̀já tó di gàárì mọ́ ikùn ẹṣin àti awọ tí irin tá a ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ so kọ́. Lásìkò òjò báyìí awọ máa ń bu ní Ìbàdàn, èyí tó bu tí wọn ò fi òróró pa, ó ń jẹrà nínú láìhàn lójú. Fà á tagbára-tagbára nílé. Kó já sí ẹ lọ́wọ́ nílé sàn ju kó já nígbà tó o bá wà lófuurufú lórí igi.

Kúnlé Àpáta
Bàbá ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ n fi ti aṣọ kún un. Àṣíborí tí wọ́n ṣe fún ẹṣin gígùn ni o, kì í ṣe ti ọ̀kadà, ìyẹn wúwo, wọn ò sì ṣe é fún irú ìṣubú yìí. Tí àṣíborí bá ti gbá nǹkan nígbà kan rí tó gbá a gidi, ẹ má lò ó mọ́ kódà tí ẹ ò bá rí ibi tó sán. Fún cross-country ẹ nílò ẹ̀wù tó nípọn tó ń dáàbò bo àyà àti ẹ̀yìn. Ṣòkòtò funfun tó fún mọ́ra, bàtà tó ní gìgísẹ̀ kékeré kí ẹsẹ̀ má baà yọ́ wọ inú irin. Tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ ṣe ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́ bíi ti Òjúde Ọba, ẹ sọ fún un pé ìyẹn dára ní Ìjẹ̀bú Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, níbí irun tó mọ́ tí wọ́n yà dáadáa ló tó.

Fífo igi nínú ọgbà: igi kan tó bá já, gbèsè 4. Tí ẹṣin bá kọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, 4, lẹ́ẹ̀kejì 8, lẹ́ẹ̀kẹta wọ́n á ní kẹ́ ẹ jáde. Ẹ máa gbọ́ agogo, ẹ ní ìṣẹ́jú àáyá 45 láti bẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fo ohunkóhun kí agogo tó dún, ọ̀pọ̀ ibi ni ìyẹn ti ń léni jáde. Wọ́n máa jẹ́ kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà yẹn ṣáájú, ẹ rìn ín bẹ́ ẹ ṣe máa gùn ún gẹ́lẹ́, ẹ má kàn máa ti igi bọ́ sí igi. Ìgbésẹ̀ èèyàn mẹ́rin tó gùn dáadáa ló jẹ́ ìgbésẹ̀ canter (eré tó yá ju trot lọ) kan fún ẹṣin, nítòsí mítà 3 àbọ̀ sí 4. Ibi tẹ́ ẹ máa gbà yà ló ń pa èèyàn lára, igi gan-an ò ṣòro.

Ibi tí wọ́n ti ń mú ara ẹṣin gbóná, èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ o. Èjìká òsì sí èjìká òsì lẹ fi máa ń kọjá ara yín. Àsíá pupa máa ń wà lọ́tùn-ún igi, funfun lósì, nínú ọgbà yẹn náà, ẹ má fò ó láti òdì kejì láé.

Ọmọ Mọ́níyà
Gbogbo yín ń sọ ti ìdíje, ẹṣin ọ̀hún ńkọ́, báwo ló ṣe máa débẹ̀ 😀 Morẹ́nikẹ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo àwọn ọkọ̀ tó máa ń kó màlúù lọ sí Akínyẹlé, ẹ ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n da yanrìn sílẹ̀ ẹ̀ kí pátákò má baà máa yọ̀, kẹ́ ẹ sì bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ kó má fi ìwàǹwára tẹ búréèkì. Ẹṣin ò ní ọwọ́ tó lè fi di nǹkan mú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi ń du ara ẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, torí náà kó tó débẹ̀ ó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ nìyẹn.

Ẹ kọ́ ọ bó ṣe ń wọ ọkọ̀ láwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ẹ gbé ọkọ̀ dúró, kó wọlé, kó jẹun níbẹ̀, kó jáde, kẹ́ ẹ máà lọ síbì kankan. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ gbé e yí àdúgbò ká kẹ́ ẹ gbé e padà wálé. Èyí tó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìdíje ló kọ́kọ́ rí ọkọ̀, á ti làágùn tán kẹ́ ẹ tó dé Ọ̀jọ́ọ̀. Ẹ sì rí i pé ẹ ti kọjá Ọ̀jọ́ọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ̀yin náà mọ ibẹ̀ láàárọ̀, kí ẹṣin dúró sójú kan nínú oòrùn láàárín àwọn dáńfó, kò dáa.

Ẹ bu omi dání láti ilé, kẹ́ẹ̀gì tó pọ̀. Àwọn ẹṣin kan wà tí wọn kì í mu omi tí òórùn ẹ̀ bá yàtọ̀.

Dókítà Ẹranko
Ẹ ṣé é, Ọmọ Mọ́níyà, omi yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ẹṣin tó dàgbà máa ń mu tó lítà 20 sí 40 lójúmọ́, ní irú ooru tiwa yìí tó bá tún ṣiṣẹ́ ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi omi dù ú kó tó wọ pápá, ìyẹn ò dá ohunkóhun sílẹ̀ bí kò ṣe wàhálà ikùn. Ọkà àti dúsà ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó jẹ wákàtí mélòó kan ṣáájú kó tó sáré, àmọ́ koríko díẹ̀díẹ̀ ò ní nǹkan ṣe, ikùn ẹṣin ò yẹ kó ṣófo pẹ́. Ẹ rántí pé ẹṣin kì í bì, ohun tó bá gbé mì tó dá a láàmú, inú ikùn ló máa jókòó sí. Tó bá ń wo ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ walẹ̀, tó ń dùbúlẹ̀ tó ń dìde, tí kò yàgbẹ́, ẹ gbàgbé ìdíje, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ ní nọ́ńbà dókítà kan lórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ò jìnnà sójú ọ̀nà yín.

Ẹ kọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń wọn ara ẹ̀ nílé nígbà tí nǹkan kan ò ṣe é, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó jẹ́ tiẹ̀ gan-an. Ara ẹṣin tó ń sinmi máa ń wà láàárín 37.5 sí 38.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọkàn ẹ̀ máa ń lù bí ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì máa ń mí bí ìgbà 8 sí 16.

Lẹ́yìn cross-country, mo ń bẹ̀ yín, ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ń sọ pé omi tútù á pa ẹṣin tí ara ẹ̀ gbóná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru Ìbàdàn lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, òógùn ẹṣin ò rí ibi gbẹ sí, ooru á há sínú. Ẹ tú gàárì, ẹ máa da omi tútù sí gbogbo ara ẹ̀, ọrùn, àyà, ìdí, láàárín ẹsẹ̀, ẹ má dáwọ́ dúró, ẹ máa mú un rìn díẹ̀ láàárín ẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, títí mímí ẹ̀ á fi rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mu omi. Aṣọ tó ti rin omi tí wọ́n kàn gbé lé e lẹ́yìn kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe é, ooru ló máa ń dè mọ́ ọn lára.

Kẹ́ ẹ rí i pé abẹ́rẹ́ tetanus ẹ̀ ò tíì kọjá àkókò. Bẹ́ ẹ bá sì máa sun ibẹ̀, ìrọ̀lẹ́ sí òru ni kantíkantí máa ń jáde, àwọn ló ń gbé àrùn African horse sickness kiri nílẹ̀ wa, ẹ má so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi adágún tàbí ẹrẹ̀.

Àǹtí Bọ́lá Òkè-Àdó
Èmi ò fara mọ́ kó sun ibẹ̀ rárá, Dókítà. Kí ẹṣin tó máa kọ́kọ́ jáde nílé wá sùn sí àjòjì ibi, ká fi hílàhílo òru kún ti ọ̀sán. Kó lọ láàárọ̀ kó padà nírọ̀lẹ́.

Morẹ́nikẹ́, ti cross-country ni kí n sọ fún ẹ, torí ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, ibi tó o ń lọ yìí kò sí ẹṣin iwájú kankan. Ìwọ àti òun nìkan lẹ máa jáde lọ, kẹ́ ẹ fi gbogbo ẹṣin yòókù sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹṣin pólò tó jẹ́ pé àárín agbo ló ti ṣiṣẹ́ ní gbogbo ayé ẹ̀, ìyẹn gan-an ló lè ṣòro fún un ju igi lọ. Ó lè máa ké, ó lè máa wẹ̀yìn, ó lè má fẹ́ fi ibi ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti ń ka 5, 4, 3, 2, 1 kẹ́ ẹ tó gbéra sílẹ̀. Látòní lọ máa mú un jáde nìkan, kúkúrú, kó o jẹ́ kó rí i pé òun padà wálé láyọ̀, lọ́jọ́ kejì kẹ́ ẹ jìnnà díẹ̀ sí i.

Pápá pólò tẹ́jú pẹrẹsẹ. Níbẹ̀ wàá rí ìtì igi, kòtò kékeré, omi, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wá ibi tí òjò ti dá omi jọ tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ le, kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, mú ẹṣin rìn wọ inú ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹṣin ò mọ̀ bóyá omi yẹn dé kókósẹ̀ tàbí ó jìn bíi kànga, ìwọ lo máa fi ìbàlẹ̀ ọkàn sọ fún un. Bákan náà tẹ́ ẹ bá ń ti inú oòrùn wọ abẹ́ igi, ojú ẹ̀ kì í tètè mọ̀ ọ́n, dín eré kù kó rí ohun tó wà níwájú.

Ní ti gbèsè, kíkọ̀ kan, 20. Lẹ́ẹ̀kejì níwájú igi kan náà, 40. Lẹ́ẹ̀kẹta ó parí, tó o bá sì já bọ́ ó parí nìyẹn náà. Wò ó wàyí: ìṣẹ́jú àáyá kan tó o bá fi pẹ́ ju táìmù wọn lọ, 0.4 péré ni. Ìyẹn ni pé o lè pẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 50 gbáko kí gbèsè ẹ̀ tó tó ti kíkọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọdé kì í ka ìṣirò yìí, wọ́n á máa sáré. Ìwọ ṣáà fi canter tó o mọ̀ lọ, kó o padà sí trot níwájú ohunkóhun tó bá ń ṣe ẹ́ ní kàyéfì. Fún ẹṣin tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, bó ṣe máa rí lọ́kàn ẹ̀ lọ́jọ́ yìí ló máa gbé wá sí gbogbo èyí tó kù. Tó bá padà délé tó gbà pé òun gbọ́n, o ti jèrè, ipò yòówù kó o wà.

Morẹ́nikẹ́ Jẹ́ríkọ̀
Háà, ẹ ṣeun gan-an ni o, ẹ̀yin àgbà. Àǹtí Bọ́lá, ìṣirò 50 yẹn, mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ mi. Bàbá, mo ti wo ìjánu ẹ̀, gag ni lóòótọ́, olùkọ́ mi máa bá mi wá èyí tó dáa lọ́sẹ̀ yìí. Akọ̀wé Adájọ́, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gbàgbé ibi tó kàn nínú dressage ńkọ́? Àti pé ṣé mo lè mú Mallam tó ń tọ́jú ẹ̀ wá, àbí èmi nìkan ni mo gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo ẹ̀?

Akọ̀wé Adájọ́
Mú Mallam wá, kódà kò ṣe é dá lọ. Ohùn ẹ̀ ni ẹṣin yẹn mọ̀, òun ló máa dì í mú nígbà tó o bá lọ fẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà, òun ló máa wà nídìí omi. Kí òun náà jẹun o, kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ tiẹ̀ dání, ọjọ́ yẹn máa ń gùn.

Tó o bá gbàgbé, adájọ́ á lu agogo, á sọ ibi tó kàn fún ẹ, wàá máa bá a lọ. Wọ́n á yọ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló ń léni jáde. Má sunkún, má bẹ̀bẹ̀, a kì í bínú sí ẹnikẹ́ni, gbogbo wa tá a jókòó síbẹ̀ la fẹ́ kó o ṣe é dáadáa. Béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n gbà kí ẹnì kan máa kà á sókè fún ẹ, àmọ́ kọ́ ọ sórí bíi pé wọn ò gbà. Má sì fi gbogbo ìgbà gun eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nílé, ẹṣin á há a sórí, á máa ṣe é kó o tó sọ fún un.

Ọmọ Mọ́níyà
Síwájú sí i, ẹ fi sípíkà kọ́ ọ. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ pe orúkọ níbẹ̀, ó sì máa ń hó nígbà míì. Ẹ kàn gbé rédíò sítòsí ilé ẹ̀ tó bá ń jẹun.

Morẹ́nikẹ́ Jẹ́ríkọ̀
Àdúgbò wa tí ṣọ́ọ̀ṣì méjì àti mọ́ṣáláṣí wà, kò sí sípíkà tí kò tíì gbọ́ 😄 Ìbéèrè ìkẹyìn, ẹ má bínú. Tí mo bá wà láàárín cross-country tí mo rí i pé ara ẹ̀ ò yá, tàbí ẹ̀rù ti ń bà á jù, ṣé mo lè dúró? Àbí mo gbọ́dọ̀ parí ẹ̀?

Àǹtí Bọ́lá Òkè-Àdó
O lè dúró nígbàkígbà. Gbé ọwọ́ kan sókè kí ẹni tó ń ṣọ́ igi tó sún mọ́ ẹ rí ẹ, padà sí ìrìn, yà kúrò lójú ọ̀nà torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, má sì fo ohunkóhun mọ́. Máa mú un rìn bọ̀ jẹ́jẹ́. Wọn ò ní bi ẹ́ pé kí ló dé, Mallam àti omi á ti máa dúró dè yín.